Gáàsì èédú ayé àtijọ́: kí ló wà nínú ẹ̀ gan-an, kí ló sì dé tó fi ń pa èèyàn?

Tí ẹ bá rí àgbàlagbà tó lọ kàwé ní London láàárín 1950 sí 1965, ẹ bi wọ́n léèrè nípa gáàsì tó wà nínú yàrá tí wọ́n ń háyà nígbà yẹn. Wọ́n á sọ fún yín pé ṣílè lèèyàn máa ń jù sínú mítà kó tó lè dáná, tówó yẹn bá tán iná á kú, àti pé ohun tó máa ń bà wọ́n lẹ́rù jù ni kéèyàn gbàgbé láti yí gáàsì pa kó wá sùn lọ, torí ẹni tó bá fa gáàsì yẹn símú mọ́jú, òkú ẹ̀ ni wọ́n máa bá láàárọ̀. Tí ẹ bá wá bi ọmọ wọn tó ń gbé London lónìí, á ní rárá o, gáàsì tí àwọn ń lò ò ní májèlé nínú, kó má ṣáà gbiná ni. Kò sẹ́ni tó ń parọ́ nínú àwọn méjèèjì. Gáàsì tí bàbá ń sọ àti èyí tí ọmọ ń lò, nǹkan méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n, bó tiẹ̀ jẹ́ pé páìpù kan náà ló ń gbé wọn wọlé, tí gbogbo wa sì ń pe méjèèjì ní gáàsì. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti ń lọ́ mọ́ra fáwọn èèyàn, mo sì fẹ́ ká tú u palẹ̀ dáadáa.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ya orúkọ wọn sọ́tọ̀. Coal gas ni èyí tí wọ́n fi èédú inú ilẹ̀ ṣe, èédú bíi ti Enugu yẹn, kì í ṣe èédú igi tá a fi ń sun àgbàdo. Town gas ni orúkọ tí wọ́n fi ń tà á fáwọn ará ìlú, ohunkóhun tí ilé iṣẹ́ gáàsì bá ti tì sínú páìpù ìlú, town gas náà nìyẹn, ó lè jẹ́ coal gas pọ́ńbélé, ó sì lè jẹ́ pé wọ́n ti po gáàsì míì mọ́ ọn. Natural gas ni èyí tó ti wà nínú ilẹ̀ látọjọ́ tó ti pẹ́, èèyàn ò ṣe é, wọ́n kàn gbẹ́ ilẹ̀ débẹ̀ ni, methane ló sì pọ̀ jù nínú ẹ̀. Gáàsì inú sílíńdà tí àwa ń lò nílé ní Nàìjíríà tún yàtọ̀ sí gbogbo wọn, propane àti butane nìyẹn. Torí náà tẹ́nì kan bá sọ pé gáàsì ń ṣe báyìí, gáàsì kì í ṣe báyìí, ẹ kọ́kọ́ bi í pé gáàsì wo.

Báwo ni wọ́n ṣe ń fi èédú ṣe gáàsì? Tí ẹ bá dáná sí èédú níta gbangba, á jó, ooru á jáde, eérú á ṣẹ́kù, ó tán. Àmọ́ tí ẹ bá kó èédú yẹn sínú nǹkan tí afẹ́fẹ́ ò lè wọ̀, tí ẹ wá dáná sí abẹ́ nǹkan náà látìta, èédú ò ní lè jó, torí iná ò lè jó láìsí oxygen, ó kàn máa gbóná ni, á máa gbóná, á máa gbóná, títí gbogbo ohun tó lè di afẹ́fẹ́ nínú ẹ̀ á fi máa sá jáde. Àwọn tó ń sun èédú lápá Òkè-Ògùn mọ ohun tí mò ń sọ, ìdí tí wọ́n fi ń fi yẹ̀pẹ̀ bo igi nìyẹn kó má bàa jó di eérú. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé àwọn tiwa jẹ́ kí èéfín máa lọ sókè lásán torí èédú ni wọ́n ń wá, àwọn òyìnbó wọ̀nyí ní tiwọn, èéfín yẹn gan-an ni wọ́n ń wá.

Ohun tí wọ́n ń kó èédú sí ni wọ́n ń pè ní retort. Irin ni wọ́n kọ́kọ́ fi ń ṣe é, nígbà tó yá wọ́n bọ́ sórí amọ̀ tó lè gba iná, torí irin ò lè fara da ooru tó ń sún mọ́ 1,000°C fún ìgbà pípẹ́. Ó gùn gbọọrọ, ìlẹ̀kùn irin wà lójú ẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ á fi ṣọ́bìrì kó èédú sínú ẹ̀, wọ́n á ti ìlẹ̀kùn, wọ́n á fi amọ̀ dí etí ẹ̀ pa, lẹ́yìn wákàtí mélòó kan wọ́n á ṣí i, wọ́n á fi ọ̀pá irin wọ́ ohun tó kù jáde bó ṣe ń pọ́n yòò, wọ́n á da omi sí i, wọ́n á tún kó èédú tuntun wọlé, tọ̀sán tòru ni, kò sí ìsinmi, iṣẹ́ tó ń pa èèyàn lára gidi ni. Ohun tí wọ́n wọ́ jáde yẹn ni kóòkì, wọ́n ń tà á fáwọn tó ń dáná sílé. Tọ́ọ̀nù èédú kan máa ń mú nǹkan bí 340 kúbíìkì mítà gáàsì wá, kóòkì tó sì máa ṣẹ́kù á tó nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta tọ́ọ̀nù yẹn, ẹ ò rí i pé wọn ò ṣòfò.

William Murdoch, ọmọ Scotland tó ń bá ilé iṣẹ́ Boulton àti Watt ṣiṣẹ́, ló fi gáàsì yìí tanná sílé ẹ̀ ní Redruth ní Cornwall lọ́dún 1792. Ní France, Philippe Lebon náà ń fi igi ṣe tiẹ̀, ó gba ìwé àṣẹ lé e lórí ní 1799. Àmọ́ ẹni tó gbé e wá sí títì ni ọmọ Jámánì kan tó ń jẹ́ Frederick Winsor, ó tan iná gáàsì sí Pall Mall ní London ní 1807, ní 1812 wọ́n dá Gas Light and Coke Company sílẹ̀, nígbà tí 1813 fi máa parí iná gáàsì ti wà lórí Westminster Bridge. Láti ìgbà yẹn lọ, ìlú tó bá ti fẹ́ kí wọ́n máa ka òun sí ìlú ńlá, àfi kó ní ilé iṣẹ́ gáàsì tiẹ̀.

Gáàsì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde látinú retort ò ṣeé gbé wọlé èèyàn o. Ó dọ̀tí, ó ń rùn, ọ̀dà dúdú tí wọ́n ń pè ní tar wà nínú ẹ̀, amóníà wà nínú ẹ̀, imí ọjọ́ náà wà nínú ẹ̀ ní ìrísí hydrogen sulphide, èyí tó máa ń rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́, cyanide gan-an ò gbẹ́yìn. Wọ́n á kọ́kọ́ mú un tutù kí ọ̀dà lè máa kán sílẹ̀, wọ́n á gbà á kọjá nínú omi kí omi lè gba amóníà, lẹ́yìn náà wọ́n á gbà á kọjá lórí láìmù (ìyẹ̀fun òkúta funfun, kì í ṣe ọsàn wẹ́wẹ́) tàbí lórí ìpáàrà, ìyẹn irin tó ti dógùn-ún, kí ìyẹn lè gba imí ọjọ́. Tí wọn ò bá yọ imí ọjọ́ yẹn dáadáa, tí gáàsì bá jó nínú ilé, èéfín ẹ̀ á máa ta èèyàn lọ́fun, á máa ba fàdákà jẹ́, ó sì ba awọ tí wọ́n fi dì ìwé lára jẹ́ gan-an láwọn ilé ìkàwé tó ń tan iná gáàsì. Nǹkan míì tó máa ń yọ wọ́n lẹ́nu ni naphthalene, òun gangan ni káńfọ̀ tí àwọn ìyá wa máa ń jù sínú àpótí aṣọ. Tí òtútù bá mú, káńfọ̀ yìí á dì nínú páìpù, páìpù á dí, gáàsì ò ní dé ilé àwọn èèyàn mọ́.

Ó wá mọ́ tán, kí ló kù nínú ẹ̀? Ibí ni mo fẹ́ ká dúró sí díẹ̀, torí ibí ni kọ́kọ́rọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ yìí wà. Coal gas kì í ṣe gáàsì kan ṣoṣo, àdàlù ni. Tí ẹ bá gbé 100 lítà ẹ̀, nǹkan bí 50 lítà á jẹ́ hydrogen, nǹkan bí 30 á jẹ́ methane, carbon monoxide á wà níbi 7 sí 10, ethylene àti benzene pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ wọn á jẹ́ bíi 3 tàbí 4, èyí tó kù ni nitrogen, carbon dioxide, àti oxygen bíńtín. Iye yìí ò dúró sójú kan, bí èédú bá yàtọ̀ á yí padà, bí ooru retort bá pọ̀ sí i hydrogen á pọ̀ sí i, kódà nínú retort kan ṣoṣo, gáàsì tó kọ́kọ́ jáde yàtọ̀ sí èyí tó gbẹ̀yìn, èyí tó kọ́kọ́ jáde máa ń lọ́ràá, ìyẹn ni pé àwọn bíi methane àti ethylene pọ̀ nínú ẹ̀, èyí tó gbẹ̀yìn hydrogen ló pọ̀ jù nínú ẹ̀.

Olúkúlùkù wọn ló ní iṣẹ́ tó ń ṣe. Hydrogen ló pọ̀ jù lóòótọ́, àmọ́ kì í ṣe òun ló ń mú ooru wá jù, torí lítà methane kan ń mú ooru tó tó ìlọ́po mẹ́ta ti lítà hydrogen kan wá, tí ẹ bá ṣírò ẹ̀ ẹ máa rí i pé 30 lítà methane yẹn nìkan ló ń mú ju ìdajì ooru gbogbo ẹ̀ lọ. Ohun tí hydrogen ń ṣe ni pé ó ń jẹ́ kí iná yára. Ọwọ́ iná ẹ̀ máa ń sáré gan, ẹ kàn ṣáná sí i báyìí ó ti mú, ó sì máa ń dúró gbọn-in lórí bọ́nà, kì í fò kúrò. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, a ṣì máa padà sí i.

Ìmọ́lẹ̀ ńkọ́? Ohun tó yà mí lẹ́nu jù nínú ọ̀rọ̀ yìí nìyí. Tí hydrogen bá ń jó, ẹ ò ní fẹ́rẹ̀ẹ́ rí iná ẹ̀. Carbon monoxide máa ń jó búlúù, kò lè tanná fún ẹnikẹ́ni kàwé. Methane náà ò tànmọ́lẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n sì dá coal gas sílẹ̀, ìmọ́lẹ̀ ni wọ́n ń ra gáàsì fún, wọn ò tíì máa fi se oúnjẹ. Àwọn bíi ethylene àti benzene yẹn, àwọn 3 tàbí 4 nínú 100 yẹn, àwọn ni wọ́n ń mú èyí tó pọ̀ jù nínú ìmọ́lẹ̀ yẹn wá. Tí wọ́n bá ń jó, carbon inú wọn máa ń ya jáde wínníwínní kó tó jóná tán, àwọn wínníwínní yẹn á gbóná títí wọ́n á fi máa tàn yòò, àwọ̀ yẹ́lò tẹ́ ẹ máa ń rí lójú àbẹ́là àti fìtílà náà nìyẹn. Torí ẹ̀ ni ilé iṣẹ́ gáàsì fi máa ń wá irú èédú kan tí wọ́n ń pè ní cannel, owó ẹ̀ gọbọi, àmọ́ gáàsì ẹ̀ máa ń tàn gan. Kódà ìjọba fi òfin sí i pé báyìí báyìí ni gáàsì gbọ́dọ̀ tàn tó. Òfin tí wọ́n ṣe fún London ní 1860 ní kí wọ́n máa fi wé àbẹ́là tí wọ́n fi ọ̀rá àbùùbùtán ṣe, àbẹ́là tí ìwúwo 6 ẹ̀ jẹ́ pọ́n-ùn kan, kí àyẹ̀wò lè dọ́gba níbi gbogbo.

Ohun méjì ló wá yí eré padà. Robert Bunsen ní Heidelberg, ní nǹkan bí 1855, gbé bọ́nà kan jáde tó máa ń po afẹ́fẹ́ mọ́ gáàsì kó tó jó. Carbon ò ní ráyè ya jáde mọ́, iná á wá jẹ́ búlúù, kò ní tàn, àmọ́ á gbóná ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, kò sì ní kun ìkòkò dúdú. Ojú iná sítóòfù gáàsì tó wà ní kíṣìnì yín, irú ẹ̀ ni. Èkejì ni ti Carl Auer von Welsbach ní Austria, ó rí i pé tí wọ́n bá fi òwú hun àpò kékeré kan, tí wọ́n rì í bọ omi tó ní thorium àti cerium, tí wọ́n wá gbé e sórí iná búlúù yẹn, òwú á jóná, egungun funfun tó kù á máa tàn yanranyanran. Ní 1885 ló gba ìwé àṣẹ àkọ́kọ́, lẹ́yìn ìgbà yẹn ló wá mọ̀ pé thorium 99 sí cerium 1 ló dáa jù. Àwọn àgbà wa mọ àpò yìí bí ẹni mowó, òun ló wà nínú àtùpà onípọ́ǹpù tó ń lo kẹrosíìnì, èyí tí wọ́n máa ń gbé kọ́ sójú agbo lóde ìnáwó kí iná mànàmáná tó dé. Látìgbà náà lọ, gáàsì ò nílò kó fúnra ẹ̀ tàn mọ́, kó ṣáà gbóná ni. Nígbà tó fi máa di 1920, òfin tuntun jáde ní Britain pé ooru inú gáàsì ni kí wọ́n máa fi gbowó, ìwọ̀n tí wọ́n ń pè ní therm.

Ìyípadà yìí ló sì jẹ́ kí carbon monoxide pọ̀ sí i, ibí ló ti kan ẹ̀rù tí bàbá wa ní London ń bà. Nítorí pé ooru nìkan ni wọ́n ń wá báyìí, ilé iṣẹ́ gáàsì lè po gáàsì tó rọrùn láti ṣe mọ́ coal gas. Èyí tó gbajúmọ̀ jù ni water gas. Wọ́n á mú kóòkì tó pọ́n yòò, wọ́n á fẹ́ ooru omi gbígbóná gbà á kọjá, omi á já, oxygen inú ẹ̀ á lọ dì mọ́ carbon, ohun tó máa jáde á jẹ́ bí ìdajì hydrogen, nǹkan bí 40 nínú 100 á sì jẹ́ carbon monoxide. Ọmọ Amẹ́ríkà kan, Thaddeus Lowe, tún fi kún un láàárín ọdún 1870 sí 1880, ó ń fọ́n epo sí i kó lè lọ́ràá, kó sì lè tàn, èyí ló gba ọ̀pọ̀ ìlú Amẹ́ríkà kan. Producer gas tún wà, èyí tí wọ́n kàn ń fẹ́ afẹ́fẹ́ gba inú kóòkì kọjá, nitrogen ló gba ìdajì ẹ̀, kò lágbára, inú fákítìrì ni wọ́n ti ń lò ó jù. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ ni pé tí wọ́n bá po water gas mọ́ town gas, carbon monoxide tó jẹ́ 7 tàbí 10 tẹ́lẹ̀ lè di 15, ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ, ará ilé tó ń jù ṣílè sí mítà ò sì lè mọ̀ rárá.

Carbon monoxide ò láwọ̀, kò lóòórùn, kò ta ni lójú. Nínú ẹ̀jẹ̀ wa, nǹkan kan wà tó ń gbé oxygen kiri ara, carbon monoxide máa ń dì mọ́ nǹkan yẹn ju bí oxygen ṣe ń dì mọ́ ọn lọ ní ìlọ́po tó lé ní 200. Torí náà díẹ̀ tó bá wà nínú afẹ́fẹ́ ti tó láti gba àyè oxygen. Orí á kọ́kọ́ máa fọ́ èèyàn, òòyì á máa kọ́ ọ, oorun á máa kùn ún, ìgbà tó bá fi máa mọ̀ pé nǹkan ń ṣe òun, ẹsẹ̀ ò ní gbé e mọ́. Carbon monoxide yìí kan náà ló wà nínú èéfín jẹnẹrétọ̀, òun ló ń pa odindi ìdílé mọ́jú nílẹ̀ wa tí wọ́n bá gbé jẹ́n sí kọ́rídọ̀, tàbí tí wọ́n gbé ìkòkò èédú wọ yàrá torí òtútù tí wọ́n sì ti fèrèsé pa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é, ẹ má sì jẹ́ kí ará ilé yín ṣe é.

Ọ̀rọ̀ tó kàn wúwo, àmọ́ kò ṣeé fò. Ní England àti Wales, àwọn tó gbẹ̀mí ara wọn ní 1963 jẹ́ 5,714, ó sì lé ní 40 nínú 100 wọn tó jẹ́ gáàsì inú ilé ló pa wọ́n. Ní 1975, iye gbogbo àwọn tó gbẹ̀mí ara wọn ti wálẹ̀ sí 3,693, torí gáàsì olóró ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kúrò nílé tán. Àwọn tó yẹ ọ̀rọ̀ náà wò rí i pé púpọ̀ nínú àwọn tí ìbànújẹ́ ì bá ti pa ò wá ọ̀nà míì lọ, wọ́n yè é. Mo gbà pé nínú gbogbo ohun tí ìyípadà gáàsì mú wá, èyí ló tóbi jù, bẹ́ẹ̀ sì rèé kò sẹ́ni tó fìyẹn ṣe ìdí tí wọ́n fi yí i padà.

Ìdí tí wọ́n fi yí i padà ni pé wọ́n rí gáàsì sábẹ́ òkun. Ní oṣù kẹsàn-án 1965, Sea Gem, pèpéle irin tí BP fi ń gbẹ́lẹ̀ lójú òkun, kan natural gas lábẹ́ North Sea. Oṣù kejìlá ọdún yẹn náà ni pèpéle yẹn wó, èèyàn 13 ló bá a lọ, kí Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún wọn. Ní 1967 gáàsì ti ń gúnlẹ̀ sí Easington. Wàhálà tó wá délẹ̀ ni pé gáàsì tuntun yìí ò bá sítóòfù kankan mu. Ooru ẹ̀ lé ní 38 megajoule ní kúbíìkì mítà kan, ti coal gas ò ju bíi 20 lọ. Lítà coal gas kan ń fẹ́ afẹ́fẹ́ bíi lítà 4 tàbí 5 kó tó jó tán, methane ń fẹ́ bíi lítà 9 àbọ̀. Ẹ rántí hydrogen tí mo sọ pé ó máa ń jẹ́ kí iná yára dúró lórí bọ́nà, kò sí nínú gáàsì tuntun, iná methane ò yára, tí ẹ bá tì í gba bọ́nà àtijọ́ kọjá, ó lè fò kúrò lórí ẹ̀ kó kú, tàbí kó máa jó yẹ́lò, kó máa kó èéfín dúdú jọ. Torí náà láti 1967 dé 1977 wọ́n ń lọ láti àdúgbò dé àdúgbò, wọ́n á pa gáàsì àdúgbò náà, wọ́n á wọ ilé kọ̀ọ̀kan, wọ́n á pààrọ̀ bọ́nà, wọ́n á fi ihò tó kéré sí i sí i, wọ́n á wá ṣí gáàsì tuntun wọlé. Ó tó 40 mílíọ̀nù ẹ̀rọ tí wọ́n fọwọ́ kàn bẹ́ẹ̀.

Carbon monoxide ò sí nínú natural gas láti orírun ẹ̀, ìdí nìyẹn tí ọmọ London òde òní fi ń sọ pé kò ní májèlé. Òótọ́ ni, àmọ́ kì í ṣe gbogbo òótọ́. Tí natural gas tàbí gáàsì inú sílíńdà wa bá ń jó níbi tí afẹ́fẹ́ ò ti tó, òun fúnra ẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe carbon monoxide. Tí ẹ bá rí i pé iná sítóòfù yín tó máa ń jó búlúù ti di yẹ́lò, tó ń kun ìdí ìkòkò dúdú, ẹ pe ẹni tó mọ̀ ọ́n tún ṣe, ẹ sì ṣí fèrèsé sílẹ̀.

Òórùn náà ń da àwọn èèyàn láàmú. Coal gas máa ń rùn fúnra ẹ̀, torí benzene àti imí ọjọ́ díẹ̀ tó ṣẹ́kù sínú ẹ̀, ìyẹn sì ti gba ọ̀pọ̀ èèyàn là torí wọ́n á gbóòórùn ẹ̀ kí wọ́n tó kú. Natural gas tí wọ́n ti fọ̀ mọ́ ò lóòórùn kankan. Ní 1937, gáàsì tí kò lóòórùn kún abẹ́ ilé ẹ̀kọ́ kan ní New London ní Texas, kò sẹ́ni tó mọ̀, ó bú gbàmù, nǹkan bí 300 èèyàn ló kú, ọmọ ilé ìwé ló pọ̀ jù. Látìgbà náà ni wọ́n ti ń fi nǹkan tó ń rùn sí i. Òórùn burúkú tẹ́ ẹ máa ń gbọ́ tí sílíńdà bá ń jò, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi sí i ni, propane àti butane fúnra wọn ò rùn bẹ́ẹ̀.

Coal gas fúyẹ́ gan-an, ìwọ̀n ẹ̀ ò tó ìdajì ti afẹ́fẹ́, tó bá jò, òkè ni á gbà. Gáàsì sílíńdà wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ló máa ń rọra bò, abẹ́ tábìlì, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, inú gọ́tà. Ìfúyẹ́ yìí ni Charles Green lò ní 1821, ọjọ́ tí wọ́n dé George IV ládé, ó fi coal gas kún bàlúùnù ẹ̀ ó sì gbéra láti Green Park, bẹ́ẹ̀ hydrogen olówó gọbọi ni àwọn èèyàn ń lò kí ó tó dé. Ní 1862, Glaisher àti Coxwell fò láti Wolverhampton, gáàsì tó fúyẹ́ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ ni ilé iṣẹ́ gáàsì ibẹ̀ dìídì ṣe fún wọn, wọ́n ga débi pé Glaisher dákú lójú òfurufú, ọwọ́ Coxwell kú, eyín ló fi fa okùn tí wọ́n fi ń tú gáàsì jáde kí wọ́n tó lè sọ̀ kalẹ̀.

Ọ̀dà tí wọ́n yọ kúrò nínú gáàsì, wọ́n kọ́kọ́ rò pé ìdọ̀tí lásán ni. Ní 1856, ọmọ ọdún 18 kan, William Perkin, ń wá oògùn ibà, ó ń fi ohun tó jáde látinú ọ̀dà yẹn dán nǹkan wò, ni aró elésèé àlùkò bá jáde sí i lọ́wọ́, iṣẹ́ aró ayé sì yí padà láti ọjọ́ yẹn. Carbolic tó wà nínú ọṣẹ carbolic, inú ọ̀dà èédú ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i. Ízàl tí a fi ń fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, epo tó ń jáde níbi tí wọ́n ti ń sun èédú di kóòkì nítòsí Sheffield ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Amóníà lọ di ajílẹ̀. Èyí tí wọn ò rí tà ni wọ́n dà sílẹ̀, ọ̀dà àti cyanide sì wọ ilẹ̀ lọ, débi pé títí di òní, kí wọ́n tó kọ́lé síbi tí ilé iṣẹ́ gáàsì wà tẹ́lẹ̀, àfi kí wọ́n kọ́kọ́ tọ́jú ilẹ̀ náà. Dome ńlá tó wà ní Greenwich, tí wọ́n ń pè ní O2 báyìí, orí ilẹ̀ ilé iṣẹ́ gáàsì ló dúró sí, wọ́n sì ṣiṣẹ́ gidi lórí ilẹ̀ yẹn kí wọ́n tó kọ́ ọ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbé Peckham tàbí tẹ́ ẹ ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì ní Old Kent Road, irin ràgàjì olóbìírí tó dúró lóòró níbẹ̀, inú ẹ̀ ni wọ́n máa ń tọ́jú gáàsì yìí sí. George Livesey ló yàwòrán ẹ̀, wọ́n kọ́ ọ láàárín 1879 sí 1881. Nígbà tó ń ṣiṣẹ́, agolo ńlá kan tí kò nídìí ló máa ń wà láàárín irin yẹn, ó da ojú dé sínú omi, bí gáàsì bá ṣe ń wọlé á máa gbéra sókè, bí àwọn ará ilé bá ṣe ń dáná alẹ́ á máa sọ̀ kalẹ̀, ìwúwo ẹ̀ ló ń ti gáàsì lọ sínú páìpù. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń bẹ̀rù pé ọjọ́ kan ni gbogbo ẹ̀ á bú gbàmù, àmọ́ gáàsì nìkan ló máa ń wà nínú ẹ̀, kò sí afẹ́fẹ́, coal gas sì gbọ́dọ̀ jẹ́ nǹkan bí 5 sí 30 nínú 100 afẹ́fẹ́ kó tó lè bú. Ibi tí wọ́n bá ti jẹ́ kí ó jò pàdé afẹ́fẹ́ ni ewu wà.

Lónìí, ọ̀pọ̀ èèyàn ní Britain ń jiyàn lórí bóyá kí wọ́n fi hydrogen sínú gáàsì ilé torí ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ tó ń gbóná. Àwọn kan ń sọ ọ́ bí ẹni pé hydrogen ò wọlé èèyàn rí, bẹ́ẹ̀ ó lé ní 150 ọdún tí ìdajì gáàsì inú páìpù fi jẹ́ hydrogen. Ìyẹn ò ní kí àwọn tó ń bẹ̀rù má bi ìbéèrè wọn o, torí páìpù ti yàtọ̀, ẹ̀rọ ti yàtọ̀, owó tí wọ́n máa fi ṣe hydrogen náà ò kéré. Ní yunifásítì Keele, wọ́n ti dán an wò nínú ilé 100 pẹ̀lú àwọn ilé yunifásítì míì, hydrogen tó tó 20 nínú 100, sítóòfù tí wọ́n ti ń lò tẹ́lẹ̀ náà ni wọ́n lò, wọn ò pààrọ̀ ẹ̀. Ní Hong Kong ní tiwọn, wọn ò fi town gas sílẹ̀ rárá, naphtha (epo fífúyẹ́ tí wọ́n ń rí látinú epo rọ̀bì) àti natural gas ni wọ́n fi ń ṣe é báyìí dípò èédú, nǹkan bí ìdajì ẹ̀ ṣì jẹ́ hydrogen, carbon monoxide ibẹ̀ sì ti wálẹ̀ sí bíi 1 sí 3 nínú 100.